Lancaster àti York: Kí Ló Dé Tí Ọmọ Ìdílé Kan Náà Fi Pa Ara Wọn Nítorí Adé Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹni tó bá jókòó wo fíìmù lórí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kò ní pẹ́ tí orí rẹ̀ á fi dàrú. Edward kan ń lé Henry kan kúrò lórí ìtẹ́, Richard kan ń gba adé lọ́wọ́ Edward mìíràn, ọba tí wọ́n ti yọ tún padà wá jọba. Lọ́dún 2012 tí wọ́n hú egungun Richard Kẹta jáde lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìlú Leicester, ìròyìn náà kárí ayé, ìbéèrè sì pọ̀ sí i. Ta ló pa ọba náà? Kí ló gbé òkú rẹ̀ débẹ̀? Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ Lancaster, tó gbọ́ York, rò pé ìlú méjì ló gbéjà ko ara wọn.

Kì í ṣe ìlú méjì. Ìdílé kan ṣoṣo ni, tó pín sí ẹ̀ka méjì, tí wọ́n sì ń pa ara wọn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nítorí oyè. Ìjà àkọ́kọ́ wáyé ní 1455, ogun ńlá tó kẹ́yìn sì jà ní 1487. Láàárín ìgbà yẹn, adé kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹfà.

Gbogbo àwọn tó jà ló ń pariwo pé ẹ̀tọ́ ìdílé àwọn ni àwọn ń jà fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn díẹ̀ tó sì gbìyànjú láti fi dìtẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ. Ìgbà tí ọba kan dé tí kò lè ṣe iṣẹ́ ọba ni ohun gbogbo fi bàjẹ́. Ẹni tó bá lóye ọ̀rọ̀ ọba yẹn, Henry Kẹfà, ti lóye ogun náà.

Kí ni wọ́n ń pè ní Ilé Lancaster àti Ilé York?

Duke ni oyè tó ga jù lẹ́yìn ti ọba àti ọmọ ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìlú tàbí àgbègbè ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹni tó jẹ ẹ́ máa gbé ibẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé àwọn ará ibẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kódà, inú ìlú York gan-an ni ọba ìdílé Lancaster fara pa mọ́ sí nígbà ogun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ Ilé Lancaster, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó jẹ Duke of Lancaster ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ilé York.

Ibi tó máa ń ṣi àwa Yorùbá lọ́nà ni pé a ti mọ ìdílé tí ń jọba tiwa. Lọ́dọ̀ wa, bí ọba bá wàjà, ìdílé tó kàn á mú ọmọ oyè wá, àwọn afọbajẹ á jókòó, wọ́n á bi Ifá, wọ́n á yan ẹni tó yẹ. Bí àrẹ̀mọ kò bá kúnjú ìwọ̀n, wọ́n lè fò ó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí pé ó kàn yín, ó kàn wá. Àkọ́bí ọkùnrin ni oyè ń lọ bá, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ aláìsàn, ì báà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ìjọba kò wọ̀ létí. Kò sì sí ọ̀nà tó bófin mu láti yọ ọba tí kò bá dára. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé kò tiẹ̀ tọ́ sí i láti jọba rárá.

Níbo ni ìdílé náà ti pín?

Bàbá ńlá gbogbo wọn ni Edward Kẹta, tó jọba láti 1327 títí di 1377. Ọba alágbára ni, ó sì bí ọmọkùnrin púpọ̀. Márùn-ún nínú wọn ló dàgbà, ó sì fi oyè ńlá, ilẹ̀ àti owó jíǹkí wọn. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin nínú wọn, nítorí orí wọn ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Àkọ́bí ni Edward tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ọmọ Ọba Dúdú. Ó kú ní 1376, ọdún kan ṣáájú bàbá rẹ̀, ó fi ọmọ kékeré kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Richard. Èkejì ni Lionel, Duke of Clarence, tí kò bí ju ọmọbìnrin kan lọ, Philippa. Ẹ̀kẹta ni John of Gaunt, Duke of Lancaster, tó lówó ju gbogbo ìjòyè ilẹ̀ náà lọ. Ẹ̀kẹrin ni Edmund, Duke of York.

Ẹ̀kẹta ló bí Ilé Lancaster. Ẹ̀kẹrin ló bí Ilé York. Ẹ fi ọmọbìnrin ẹ̀kejì yẹn, Philippa, sọ́kàn. A ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1399?

Nígbà tí Edward Kẹta kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Richard gorí oyè ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òun ni Richard Kejì. Ó dàgbà di ọba tó gbà pé ohun tí òun bá ti sọ ni òfin. Ní 1398 ó lé Henry, ọmọ John of Gaunt, jáde kúrò nílùú. Nígbà tí John of Gaunt wá kú ní oṣù Kejì 1399, Richard gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ogún tó yẹ kí Henry jẹ.

Àṣìṣe ńlá lèyí. Kì í ṣe Henry nìkan ló dùn. Gbogbo ìjòyè tó ní ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bí ọba bá lè gba ogún ọlọ́rọ̀ tó ju gbogbo wọn lọ, ta ni ogún tirẹ̀ máa là? Richard kó ogun lọ sí Ireland, Henry sì gúnlẹ̀ sí Ravenspur ní etí òkun apá àríwá ìlà-oòrùn, ó ní ogún bàbá òun nìkan lòun wá gbà. Àwọn ìjòyè tú síta tẹ̀ lé e. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti mú Richard, wọ́n ti yọ ọ́ lóyè, Henry sì ti di Henry Kẹrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1400, Richard kú nínú àtìmọ́lé ní Pontefract.

Ẹ rí i pé lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé a lè fi ogun gba adé lọ́wọ́ ọba tó wà lórí oyè. Ẹni tó gbà á, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa gbé pẹ̀lú ìyẹn.

Ta ló ní ẹ̀tọ́ ju ẹnì kejì lọ?

Richard Kejì kò bímọ. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà àgbà, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kejì Edward Kẹta ló yẹ kí oyè lọ, ìyẹn Lionel. Ṣùgbọ́n Lionel kò ní ọmọkùnrin. Philippa, ọmọbìnrin rẹ̀, ló bí àwọn ọmọ Mortimer, ọ̀kan nínú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Anne Mortimer, sì lọ fẹ́ ọmọ Duke of York. Ọmọ tí wọ́n bí ni Richard, Duke of York, ẹni tí ọ̀rọ̀ ogun yìí bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, Richard ti York lè sọ pé: “Nípasẹ̀ ìyá mi, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kejì ni mo ti wá. Ẹ̀yin Lancaster, ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta lẹ ti wá.” Àwọn Lancaster náà lè dáhùn pé: “Àwa ọkùnrin dé ọkùnrin ni. Ìwọ gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá.”

Èwo ló tọ̀nà? Kò sí òfin kan tó là á sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le fún Lancaster ni pé Edward Kẹta fúnra rẹ̀, bàbá ńlá wọn, ti ń bá ilẹ̀ Faransé jagun láti 1337 lórí pé òun ló yẹ kí òun jọba Faransé, nítorí pé ọmọ ọba Faransé ni ìyá òun. Àwọn Faransé ní adé àwọn kì í gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Àwọn ọba Lancaster ń bá ogun yẹn lọ, wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ obìnrin gba ilẹ̀ lókè òkun. Nílé, wọn ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀tọ́ obìnrin sétí.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí kò kó jìnnìjìnnì bá ẹnikẹ́ni nígbà tí ọba bá lágbára. Henry Karùn-ún, ọmọ Henry Kẹrin, ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Agincourt ní 1415. Lọ́dún yẹn kan náà, kó tó gbéra, ó ti bẹ́ orí bàbá Richard ti York nítorí ọ̀tẹ̀. Ó dá oyè àti ilẹ̀ ìdílé náà padà fún ọmọ náà nígbà tó yá, ọmọ náà dàgbà, ó sin ìjọba Lancaster ní ilẹ̀ Faransé àti ní Ireland fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, bóyá orúkọ Mortimer kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ láé.

Kí ló ṣe Henry Kẹfà?

Henry Karùn-ún kú lójijì ní oṣù Kẹjọ 1422. Ọmọ tó fi sílẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n dé e ládé ní Westminster ní 1429, wọ́n sì dé e ládé ní Paris ní 1431, òun nìkan sì ni ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dé ládé ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ènìyàn rere ni Henry Kẹfà. Ó fẹ́ràn àdúrà, ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ Eton sílẹ̀ ní 1440, àti King’s College ní Cambridge ní 1441. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé rárá. Ẹni tó bá kẹ́yìn bá a sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa ń ṣẹ. Ó ń fi ilẹ̀ àti oyè tọrẹ títí àpò ìjọba fi gbẹ. Lójú ogun, Joan of Arc, ọ̀dọ́bìnrin kan, ti fún àwọn Faransé lókun láti 1429. Ní 1450 Normandy bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Kent dìde lábẹ́ Jack Cade, wọ́n wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Keje 1453, àwọn Faransé ṣẹ́gun wọn pátápátá ní Castillon. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí bàbá Henry fi ẹ̀jẹ̀ gbà, àti èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ní fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta, Calais nìkan ló kù.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, nǹkan kan ṣe ọba. Kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Kò lè dìde fúnra rẹ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá ìyá rẹ̀, Charles Kẹfà ọba Faransé, ti ṣe àìsàn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ìdílé ìyá ló ti wá.

Ní oṣù Kẹwàá, ayaba Margaret bí ọmọkùnrin. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá ọba ní Windsor kó lè súre fún un. Duke of Buckingham gbé e, ó bẹ̀ ẹ́. Ayaba fúnra rẹ̀ gbà á, ó bẹ̀ ẹ́. Ọba wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún dojú bolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọmọ padà.

Nígbà tó di oṣù Kẹta 1454, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tó tún jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọba, kú. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ àyàfi ọba. Ilé ìgbìmọ̀ rán àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ìjòyè lọ sí Windsor. Wọ́n bá ọba nídìí oúnjẹ, wọ́n dúró títí ó fi jẹun tán. Wọ́n ka ìwé tí wọ́n mú wá sí i létí. Kò dáhùn. Wọ́n jáde lọ jẹun, wọ́n padà wá, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ọkùnrin méjì di ọba mú, wọ́n fà á lọ sí yàrá mìíràn, àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọn ò rí ọ̀rọ̀, wọn ò rí àmì kankan. Wọ́n lọ jábọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀, ilé ìgbìmọ̀ sì fi Richard ti York ṣe adelé.

Ọ̀rọ̀ ọba yìí máa ń ká mi lára. Àìsàn ló ṣe é. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì jẹ́ kó máa gbé láàárín ìwé àti àdúrà rẹ̀, bóyá gbogbo àwọn tó kú lẹ́yìn náà kò ní kú.

Báwo ni ìjà ààfin ṣe di ogun?

Ní Kérésìmesì 1454, ọba là. Ó béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, wọ́n ní Edward, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun kò mọ ohunkóhun tí wọ́n bá òun sọ látìgbà náà wá.

Ìlera rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí York ń ṣe adelé, ọ̀tá rẹ̀, Duke of Somerset, wà ní àtìmọ́lé. Bí ọba ṣe là, ó tú Somerset sílẹ̀, ó tún fún un lágbára. York bẹ̀rù pé orí òun ló kàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1455, ó kó ọmọ ogun pàdé ọba ní St Albans, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà ìgboro ni, kò pẹ́ rárá. Wọ́n pa Somerset, ọfà ba ọba lọ́rùn. York kúnlẹ̀ níwájú ọba lẹ́yìn náà, ó ní òun kò bá ọba jà, àwọn olùdámọ̀ràn burúkú tó yí i ká lòun bá jà. Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba adé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn kò gbàgbé. Ayaba Margaret pẹ̀lú rí i pé bí York bá lágbára, ọmọ òun lè má jọba. Obìnrin akíkanjú ni, ọkọ rẹ̀ kò lè jà, ó jà fún un. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀san.

Ní oṣù Kẹwàá 1460, àwọn ènìyàn York ti ṣẹ́gun, ọba sì wà lọ́wọ́ wọn. York wọ ilé ìgbìmọ̀ ní Westminster, ó rìn lọ tààrà sídìí ìtẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e, ó kọjú sí àwọn ìjòyè, ó ń retí ìhó ayọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà bi í bóyá ó fẹ́ lọ rí ọba. Ó dáhùn pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ náà tí kò yẹ kó wá rí òun dípò kí òun lọ rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an kò dùn sí i. Wọ́n ti búra fún Henry, wọn ò sì kórìíra rẹ̀. Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé Henry á jọba títí ọjọ́ ikú rẹ̀, York àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rò ó wò: bàbá buwọ́ lu ìwé pé ọmọ òun kò ní jogún òun. Ṣé ayaba Margaret máa gbà? Kí ọdún tó parí, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun Lancaster pa York ní Wakefield. Wọ́n gbé orí rẹ̀ kọ́ ẹnu ibodè ìlú York, wọ́n fi pépà ṣe adé dé e.

Báwo ni ọba méjì ṣe wà lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọkùnrin York tó dàgbà jù ń jẹ́ Edward. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, ó lẹ́wà, ó sì mọ ogun jà. Lọ́ńdọ̀nù ṣílẹ̀kùn fún un, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1461, wọ́n kéde rẹ̀ ní ọba: Edward Kẹrin. Henry kò kú, àwọn Lancaster sì ti gbà á padà lọ́wọ́ àwọn York. Ọba méjì ló wà.

Ogun Towton ló parí ìyẹn, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Yìnyín ń já, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ sójú àwọn Lancaster. Ọfà àwọn York ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń jìnnà. Ọfà àwọn Lancaster kò dé ibi tí wọ́n ta á sí. Àwọn òpìtàn ìgbà yẹn ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ló kú. Àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé iye yẹn ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ogun tó pa ènìyàn púpọ̀ gan-an ni. Ní 1996 àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé hú kòtò kan níbẹ̀ tí egungun tó lé ní ọgbọ̀n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ju ojú ọgbẹ́ kan lọ ní agbárí.

Edward jọba, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n Earl of Warwick, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, gbà pé òun lòun fi í jọba. Warwick ń bá àwọn Faransé sọ̀rọ̀ pé kí ọba fẹ́ ìyàwó láti ọ̀dọ̀ wọn. Kò mọ̀ pé Edward ti fẹ́ opó kan, Elizabeth Woodville, ní bòókẹ́lẹ́ ní 1464. Ìtìjú lèyí fún Warwick. Nígbà tí àwọn ìbátan ìyàwó tún ń gba oyè àti aya ọlọ́lá, Warwick yí padà. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Margaret ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin tó ti ń bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fi ọmọbìnrin tirẹ̀ fún ọmọ Margaret. Ní oṣù Kẹwàá 1470, Edward sá kúrò nílùú, Warwick sì mú Henry Kẹfà jáde kúrò nínú àtìmọ́lé ní Tower of London, ó gbé e padà sórí ìtẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ ọba kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìtàn.

Kò tó oṣù mẹ́fà tí Edward fi padà dé, ó sì gúnlẹ̀ sí Ravenspur, ibi tí Henry Kẹrin ti gúnlẹ̀ ní 1399. Òun náà ní ogún bàbá òun nìkan lòun wá gbà. Ní ọjọ́ Àjíǹde, 14 oṣù Kẹrin 1471, wọ́n pa Warwick ní Barnet, tó ti di ara Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Kùrukùru bo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ọmọ ogun Warwick ta ọfà lu ara wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n pa ọmọ Margaret ní Tewkesbury. Kí oṣù náà tó parí, Henry Kẹfà ti kú nínú Tower. Wọ́n kéde pé ìbànújẹ́ ló pa á. Ìwọ̀nba ènìyàn ló gbà á gbọ́, èmi náà kò gbà á gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè, kò sí èrè nínú pípa bàbá. Nígbà tí ọmọ ti lọ, bàbá nìkan ló kù.

Richard Kẹta ńkọ́?

Edward Kẹrin kú ní oṣù Kẹrin 1483. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Edward Karùn-ún, jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Àbúrò bàbá rẹ̀, Richard, Duke of Gloucester, ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Richard mú un lọ sínú Tower, tó jẹ́ ààfin àti ọgbà ẹ̀wọ̀n pa pọ̀ nígbà yẹn, ó sì mú àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ bá a. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti jọba fúnra rẹ̀.

Àwíjàre rẹ̀ ni pé Edward Kẹrin ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún obìnrin mìíràn kó tó fẹ́ Elizabeth, nítorí náà àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ìgbéyàwó, wọn ò lè jọba. Ilé ìgbìmọ̀ sọ ọ́ di òfin ní 1484. Lẹ́yìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1483, kò sẹ́ni tó rí àwọn ọmọ náà mọ́. Àwọn kan ń gbèjà Richard títí dòní, kò sì sí ẹ̀rí tó lè mú kóòtù dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà wà, ó sì lè mú wọn jáde nígbàkigbà láti pa àhesọ lẹ́nu mọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ló fọ́ Ilé York sí méjì. Àwọn tó fẹ́ràn Edward Kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn, ibi tí ojú wọn sì lọ ni ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó kà sí.

Báwo ni Henry Tudor ṣe wọ inú ọ̀rọ̀?

Ìyá Henry Tudor ni Margaret Beaufort, ọmọ-ọmọ ọmọ John of Gaunt. Àlè John of Gaunt ló bí ìran Beaufort. Ó fẹ́ obìnrin náà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì sọ àwọn ọmọ náà di ọmọ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n Henry Kẹrin fi kún un pé wọn ò gbọdọ̀ jọba. Bàbá Henry Tudor ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú Henry Kẹfà ni, ìyá tó jẹ́ ará Faransé. Ìhà bàbá yìí kò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan sí adé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ Henry Tudor tín-ín-rín gan-an. Ohun tó ní ni pé àwọn tó jù ú lọ ti kú tán.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1485, wọ́n pàdé ní Bosworth, nítòsí Leicester. Richard rí i pé Henry dá wà pẹ̀lú àwọn díẹ̀, ó gun ẹṣin lọ bá a fúnra rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn débi pé ó pa ẹni tó gbé àsíá Henry. Ibẹ̀ ni Sir William Stanley, tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wòran, kó ọmọ ogun rẹ̀ lu Richard. Wọ́n pa á, wọ́n tú u síhòòhò, wọ́n gbé e sórí ẹṣin lọ sí Leicester, wọ́n sì sin ín sínú ilé ìjọsìn àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan. Nígbà tó yá, Henry Kẹjọ wó irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, ibojì sọnù, ìlú bò ó mọ́lẹ̀. Bó ṣe dé abẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí nìyẹn. Egungun rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, wọ́n sì ṣá a ní agbárí láti ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ní 2015 wọ́n tún un sin sí kàtídírà Leicester.

Henry Tudor di Henry Keje, ó sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun kò nípọn. Ó ní ìjọba òun bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú ogun Bosworth, kí gbogbo ẹni tó jà fún Richard lè di ọ̀dàlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó kọ́kọ́ dé adé ní oṣù Kẹwàá, kó tó fẹ́ Elizabeth ti York, ọmọ Edward Kẹrin, ní oṣù Kìíní 1486, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyàwó ló fi í jọba. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ẹ̀jẹ̀ ìhà méjèèjì lára. Ní 1487 wọ́n gbé ọmọdékùnrin kan, Lambert Simnel, dìde, wọ́n ní ọmọ ìdílé York ni. Henry ṣẹ́gun wọn ní Stoke. Kò pa ọmọ náà. Ó fi í sí ilé ìdáná ààfin.

Òdòdó méjì ńkọ́? Kí ló sì kù lónìí?

Ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Ogun Òdòdó Róòsì, pupa fún Lancaster, funfun fún York. Àwọn tó ja ogun náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Róòsì funfun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì York lóòótọ́, ṣùgbọ́n Henry Keje ló gbé pupa lárugẹ lẹ́yìn ogun, kó lè so méjèèjì pọ̀ sí òdòdó kan tó ń sọ pé òun ló parí ìjà. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni orúkọ yẹn tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè é.

Oyè méjèèjì kò kú. Láti ayé Edward Kẹrin, tó fi ọmọkùnrin rẹ̀ kejì jẹ Duke of York, ọmọ kejì ọba ni wọ́n sábà máa ń fún ní oyè yẹn. Ti Lancaster yàtọ̀. Ní 1399, Henry Kẹrin pàṣẹ pé kí ilẹ̀ àti owó Lancaster má ṣe dà pọ̀ mọ́ ti ìjọba, bóyá nítorí pé ó mọ̀ pé ohun tí a fi ogun gbà, ogun lè gbà á padà. Nígbà tí Edward Kẹrin gba ìtẹ́, ó gba àwọn ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò da ètò náà rú. Ọba Charles Kẹta ló ni í lónìí. Ilẹ̀ oko, ilé àti ilé ìtajà ló wà nínú rẹ̀, èrè rẹ̀ sì ń wọ àpò ọba lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí owó tí ìjọba ń fún un.